Kí Ọkọ̀ Asáré Tó Jókòó Sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Nínú gbogbo ìbéèrè tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí nípa ọkọ̀, ọ̀kan wà tí kì í tán nílẹ̀: báwo ni ènìyàn ṣe lè mú ọkọ̀ asáré rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ sí i? Ẹni tí ó ń béèrè kì í sábà sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ó ti rí àwòrán ọkọ̀ kan lórí fóònù, tí táyà rẹ̀ kún inú ihò ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́fọ́, tí àyà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀, tòkunbọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté jáde, wá dà bí ẹni tí ó ká ṣòkòtò sókè láti la omi kọjá. Ó fẹ́ kí ó jókòó. N kì í bá a jà sí i. Ẹwà wà nínú ọkọ̀ tí ó jókòó dáadáa, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo máa ń béèrè padà ni pé, níbo lo ń gbé? Bí ó bá dáhùn pé Òkè Pópó ni, tàbí Ìdúmàgbò, tàbí Àdéníjì Àdélé, tàbí ibikíbi tí ó yí Ìgà Ìdúngànràn ká, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wa yóò gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ asáré fi ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀, nítorí kì í ṣe fún ojú lásán. Ẹ wo alábàárù tí ó gbé àpò ìrẹsì sórí ní Ìdúmọ̀tà. Bí ẹnì kan bá já sí iwájú rẹ̀ lójijì tí ó sì fẹ́ yà, òkè ara rẹ̀ yóò ṣì máa lọ síwájú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yà. Ọmọlanke tí ó gbé irú ẹrù kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò yà láìmira, torí pé ìsàlẹ̀ ni ìwúwo tirẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀. Bí ibi tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí bá ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í fi ẹ̀gbẹ́ dálẹ̀ púpọ̀ nígbà tí a bá ń fi eré gba ìgun ọ̀nà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì lè di ilẹ̀ mú.

Ohun méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Sípíríìnì ni ó ń gbé ìwúwo. Ṣọ́ọ̀kù ni ó ń sọ fún sípíríìnì pé ijó tó gẹ́ẹ́. Tọkọtaya ni àwọn méjèèjì: ẹni tí ó bá pààrọ̀ ọ̀kan láìbi èkejì léèrè ti da ilé wọn rú. Sípíríìnì líle pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kù tí ó ti gbó ni ó ń mú kí àwọn ọkọ̀ kan máa ta pọ́nún bí àkèré lórí afárá Third Mainland, tí ẹni tí ó wà nínú wọn yóò sì máa pè é ní ọkọ̀ líle.

Afárá yẹn gan-an yẹ ní wíwò. Ó gùn tó 11.8 kìlómítà, ọdún 1990 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Kí kọnkéré rẹ̀ lè ráyè fẹ̀ nínú oòrùn kí ó sì sún kì nínú òtútù, wọ́n fi àlàfo sí ojú ibi tí abala kan ti pàdé èkejì, wọ́n sì fi irin àti rọ́bà dè é. Ojú ìpàdé wọ̀nyí ni wọ́n torí rẹ̀ ti apá kan afárá náà pa láti oṣù Keje ọdún 2020, kí wọ́n lè tún wọn ṣe. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àyè dáadáa láti lọ sókè sódò yóò kàn sọ pé "tùú" lórí wọn, yóò sì kọjá. Èyí tí kò ní àyè mọ́ yóò gbé ìlù náà dé eegun ẹ̀yìn ẹni tí ó ń wà á.

Ṣùgbọ́n afárá ṣì sàn. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí Àdéníjì Àdélé, kí ẹ sì yà wọ inú àdúgbò. Ọ̀pọ̀ òpópónà Ìsàlẹ̀ Èkó ti wà kí mọ́tò tó dé ìlú yìí. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n là wọ́n fún. Wọ́n tóóró, gọ́tà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé orí pèpéle kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó wọlé. Bọ́ǹpù tún wà, èyí tí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn mọ lẹ́yìn tí ọlọ́kadà kan ti gbá ọmọ wọn. Ẹnikẹ́ni kò fi ìwé wọn ìyẹn. Bí ìbínú wọn ṣe tó lọ́jọ́ náà ni bọ́ǹpù náà ṣe ga tó, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ẹ mú tépù, kí ẹ sì wọn àdúgbò. Ẹ wọn bọ́ǹpù tí ó ga jù láàrin ilé yín àti ojú ọ̀nà ńlá. Ẹ wọn gíga pèpéle gọ́tà yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí ó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ páìpù èéfín tàbí ètè bọ́mpà iwájú, kí ẹ wọn ún sí ilẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé bí bọ́ǹpù bá jẹ́ 10 sẹ̀ntímítà tí àyà ọkọ̀ sì jẹ́ 12, ọ̀ràn ti parí. Bí táyà iwájú bá ti sọ̀kalẹ̀ tí ti ẹ̀yìn kò sì tíì gùn, agbede-méjì ọkọ̀ ni yóò wà lókè bọ́ǹpù. Bí ọkọ̀ bá sì ṣe gùn láàrin táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn tó, bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ ṣe máa sún mọ́ ọn tó. Ẹ fi ènìyàn mẹ́ta àti ẹrù kún un, àlàfo 2 sẹ̀ntímítà náà ti wọmi. Bírékì pàápàá ń dín in kù, nítorí bí a bá tẹ̀ ẹ́, imú ọkọ̀ yóò tẹrí ba. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé orí bọ́ǹpù, kí ẹ sì tú bírékì sílẹ̀ kí táyà tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn yìí, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ bọ́mpà là.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti rọ ọkọ̀ sílẹ̀ ni ó burú jù: kí a gé sípíríìnì. Irin gígùn tí a wé ni sípíríìnì. Bí a bá gé ìká kan kúrò lára rẹ̀, kì í rọ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ńṣe ni ó ń le sí i, nítorí irin tí yóò pín ìwúwo náà gbé ti dín kù. Ní àkókò kan náà, ó ti kúrú. Bí táyà bá wá jábọ́ sínú kòtò, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì na tán pátápátá, sípíríìnì náà lè máa mì lórí ìjókòó rẹ̀, ó sì lè yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fi ayùn gé e, iná ni wọ́n ń fi yọ́ ọ títí yóò fi tẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná náà ni ó ń pa agbára tí ilé iṣẹ́ fi sínú irin náà. Irú ẹ̀ náà ni rọ́bà tí àwọn kan ń kì sí àárín ìká sípíríìnì láti gbé ọkọ̀ sókè. Ìká tí rọ́bà há kò lè tẹ̀ mọ́, àwọn yòókù ni yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni irin ti ń kán.

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan ní Òkè Pópó ra ọkọ̀ ilẹ̀kùn méjì lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ní kí wọ́n gé sípíríìnì iwájú rẹ̀, ó sì ti fi rímù tí ó fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ sí i. Ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e ni ìdáná rẹ̀ ní Ìkòròdú, ìyá rẹ̀ ni yóò sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe jókòó!"

Lóòótọ́, ó jókòó. Mo ní kí ó yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo tan iná fóònù. Ẹ̀gbẹ́ inú táyà ti ń ha rọ́bà tí ó ń gbé òróró bírékì lọ sí ẹsẹ̀ náà. Awọ òde rọ́bà yìí ti bó, okùn inú rẹ̀ sì ti ń yọjú. Mo pè é kí òun náà wá dùbúlẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ṣé kò lè gbé wa dé Ìkòròdú, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó lè gbé yín dé. Ọjọ́ tí o bá tẹ bírékì tagbáratagbára lórí afárá ni mo ń bẹ̀rù."

Bọ́ọ̀sì ìjọ ni wọ́n gbé lọ. Ó ra sípíríìnì tuntun àti rọ́bà bírékì tuntun lẹ́yìn ìgbéyàwó, owó wọn sì ju iye tí ó san fún gígé náà lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Títí di òní, ìyá rẹ̀ gbà pé epo ni kò sí nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ ìdáná.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ yí gíga ọkọ̀ padà rà ni ohun tí à ń pè ní kọ́ìlófà. Ṣọ́ọ̀kù àti sípíríìnì ni, tí a ti bá ara wọn mu láti ilé iṣẹ́, tí ara ṣọ́ọ̀kù náà sì ní ojú ìdè bíi ti bóòtù, pẹ̀lú òrùka irin méjì. Òrùka òkè ni sípíríìnì jókòó lé. Ti ìsàlẹ̀ ni ó ń ti í pa kí ó má baà yí. Bí a bá yí òrùka òkè wálẹ̀, ọkọ̀ á sọ̀. Bí a bá yí i lọ sókè, ọkọ̀ á ga.

Wíwọ̀n ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe wọ̀n láti ilẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú táyà yóò pa irọ́ fún yín. Àárín rímù ni kí ẹ ti wọn ún lọ sí etí ìrùbọ̀ táyà lókè rẹ̀, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ilẹ̀ tí ó dọ́gba ṣòro ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdọ́gba ìpìlẹ̀ yóò sọ òtítọ́ fún yín. Kí epo wà ní ìdajì táǹkì. Kí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ jókòó sáyè rẹ̀. Bí kò bá sí nílé, tí ó sì wọn 75 kìlógíráàmù, àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀ yóò dúró fún un. Bí ẹ bá sì ti sọ ọkọ̀ kúrò lórí jáàkì, ẹ má tíì wọ̀n. Ẹ tì í síwájú, kí ẹ tì í sẹ́yìn, kí táyà tí ó há gágá lè tú ara sílẹ̀ kí ọkọ̀ sì jókòó ní tòótọ́.

Iye tí ẹ bá yí òrùka kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ iye tí ọkọ̀ yóò sọ̀. Bí ṣọ́ọ̀kù bá dúró gangan lórí ẹsẹ̀ táyà, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àárín apá ni ó jókòó sí, mìlímítà kan lórí òrùka yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú táyà. Ẹ rọra yí i.

Àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n mọ iṣẹ́ pàápàá máa ń gbàgbé bọ́ṣíìnì. Rọ́bà ni, a sì fi bóòtù dè é mọ́ ara ọkọ̀ ní bí apá ṣe dúró lọ́jọ́ náà. Bí a bá yí gíga ọkọ̀ padà láìtú bóòtù yẹn, rọ́bà náà yóò wà ní lílọ́ tọ̀sán-tòru bí aṣọ tí à ń fún, kò sì ní í pẹ́ ya. Ẹ tú u, ẹ jẹ́ kí táyà gbé ìwúwo ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dè é le.

Ẹ rántí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ìyá yín ń jókòó lé nínú ilé ìdáná. Bí ẹ bá ki páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ yẹn àti èyí tí ó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú ni yóò gbé ìwúwo. Àwọn méjì yòókù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣeré. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ nìyẹn bí ẹ bá gbé òrùka iwájú ọ̀tún sókè nìkan torí pé ojú yín sọ pé ibẹ̀ rẹlẹ̀. Ìwúwo yóò bọ́ sí iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí ẹ sì tẹ bírékì, táyà tí ó fúyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yọ̀. Àwọn eléré ìje ń gbé ọkọ̀ lé òṣùwọ̀n mẹ́rin nítorí èyí. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣe àwàdà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, aláínmẹ́ǹtì di dandan. Ọkọ̀ tí ó sọ̀ máa ń jẹ́ kí orí táyà dagun sínú, kí ojú táyà sì yí díẹ̀ kúrò ní ọ̀kánkán. Ẹ̀gbẹ́ inú táyà yóò jẹ tán kí ẹ tó mọ̀, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ òde ṣì ń dán. Ẹ tún iná iwájú ṣe pẹ̀lú. Bí ẹ̀yìn bá sọ̀ ju iwájú lọ, ojú awakọ̀ tí ń bọ̀ ni ẹ ó máa tan iná sí.

Ṣé sísọ̀ púpọ̀ a máa mú ọkọ̀ dára sí i? Rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin kan wà nísàlẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní lówà àámù. Bí ọkọ̀ bá sọ̀ débi tí irin yìí fi gbé orí tí ó wà lọ́dọ̀ táyà sókè ju orí kejì lọ, ibi tí ọkọ̀ ń ti yí ara rẹ̀ yóò já wálẹ̀ kíákíá ju ìwúwo rẹ̀ lọ, ọkọ̀ yóò sì fẹ́ máa fi ẹ̀gbẹ́ dálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ti náwó, ẹ sì ti padà sẹ́yìn.

Kódà níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bí awo, ọ̀ràn gíga yìí ń lé ènìyàn kúrò nínú ìdíje. Ní 1981, àwọn aláṣẹ Formula 1 pàṣẹ pé àlàfo 6 sẹ̀ntímítà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀. Gordon Murray ti Brabham ronú pé ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nìkan ni wọ́n lè wọ̀n ọ́n. Ó ṣe ẹsẹ̀ tí afẹ́fẹ́ orí eré yóò tẹ̀ wálẹ̀, tí yóò sì tún rọra dìde bí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀ wálé. Ọlọ́gbọ́n ni! Àmọ́ ní 2023, ní Austin ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ Lewis Hamilton tí ó ṣe ipò kejì àti Charles Leclerc tí ó ṣe ipò kẹfà kúrò nínú èsì, nítorí pé pákó tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ wọn ti ha ilẹ̀ jù.

Èmi gbà pé ìdíje Safari ti Kẹ́ńyà ni ó yẹ kí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní 1978, Porsche gbé 911 wọn sókè títí àlàfo abẹ́ rẹ̀ fi di 28 sẹ̀ntímítà, wọ́n sì gbé e lọ síbẹ̀. Ta ni ó gba ipò kìn-ín-ní? Peugeot 504 ni, Jean-Pierre Nicolas ni ó wà á. 911 ṣe ipò kejì. 504 kan náà ti kọ́kọ́ gbégbá orókè níbẹ̀ ní 1975, ọdún tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ fún wa. Àwọn bàbá wa tí wọ́n fi 504 rin ìrìn-àjò mọ ìdí rẹ̀: sípíríìnì tí ó rọ̀, ẹsẹ̀ tí ó ní àyè láti na. Porsche pàápàá padà sídìí ọ̀rọ̀ náà ní 2022 pẹ̀lú 911 Dakar, tí ó fi 50 mìlímítà ga ju 911 tí ó ní ẹsẹ̀ asáré lọ, tí ó sì tún lè gbé ara rẹ̀ sókè ní 30 mìlímítà sí i. Ọkọ̀ asáré gíga kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú mọ́.

Omi ńkọ́? Erékùṣù Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ọ̀sà lọ. Bí òjò ńlá bá bá ọ̀sà nígbà tí ó kún, gọ́tà kò ní ibi tí yóò da omi sí, òpópónà á sì di odò. Ọkọ̀ tí ó ti sọ̀ ń fi imú rẹ̀ lọ bá omi náà ni. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí wọ́n ti pààrọ̀ ihò ìmí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n gbé e sẹ́yìn bọ́mpà kí ó lè máa fa afẹ́fẹ́ tútù. Omi kò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá wọ inú sìlíńdà ti tó láti tẹ irin tí ó di písítìnì mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tún un tan. Ẹ tì í.

Bí ẹ bá bi mí ní iye tí mo fọwọ́ sí, ọkọ̀ tí ó jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú àlàfo 12 sẹ̀ntímítà, tí a ó sì máa gbé sùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò yẹ kí a rọ̀ ọ́ sílẹ̀ rárá. Ẹ fi owó náà ra ṣọ́ọ̀kù, bọ́ṣíìnì àti táyà tuntun. Ẹ ó rí i pé ọkọ̀ tí ẹ rò pé ó ga jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ti kú. Èyí tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lè sọ̀ ní 15 mìlímítà, ó pọ̀ tán 20. Kí ẹ tó pinnu, ẹ bi àwọn tí yóò máa bá yín jókòó nínú rẹ̀ léèrè. Ìyàwó tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, tàbí ìyá tí orúnkún ń dùn, ni ó mọ bí ìjókòó náà ṣe jìnnà sílẹ̀ tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a bá ti ṣe iṣẹ́ náà tán, sípíríìnì tuntun yóò ti fìdí jókòó, ó sì lè sọ̀ ní mìlímítà díẹ̀ sí i. Ẹ padà mú tépù àti ìwé tí ẹ kọ iye sí, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ dán gbogbo bóòtù wò, kí ẹ sì yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí ó ń dán lára rọ́bà bírékì, ẹ má gbé ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀.